Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwọn Kábọ́ọ̀nù Ewé Àgbàdo: Ohun tí Ẹ Kò Gbọ́dọ̀ Ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé àpò ọ̀rá dúdú méjì wọ yàrá iṣẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ ewé àgbàdo tí ó wà nínú wọn, nítorí pé òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kí wọ́n bá òun wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Nígbà tí mo tú ẹnu àpò kan, ooru fẹ́ sí mi lójú, òórùn bí ti omi ògì tí ó ti pẹ́ jù sì tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ni ewé náà ti lò nínú ọ̀rá. Ó ti bu, ó ti ń yọ̀ mọ́ ọwọ́. Oko ọ̀hún ni ó fi gbogbo sáà òjò ṣe, owó òbí rẹ̀ ni ó sì ná sórí rẹ̀. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì bá a wí, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ wa kí ó tó já ewé ìbá ti gbọ́.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń bá ewé àgbàdo ṣe irú iṣẹ́ yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń wá oríṣi àgbàdo tí ó lè fara da ọ̀dá, kò sì sí ọdún kan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ̀wé sí: ẹni tí ó mọ̀ pé nínú 100 kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí 1.1 ni ó jẹ́ kábọ́ọ̀nù-13 tí ó wúwo, tí ìyókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kábọ́ọ̀nù-12 pátá. Tí ó mọ̀ pé ewé kì í gba méjèèjì bákan náà. Tí ó sì mọ̀ pé δ13C ni a fi ń sọ bí èyí tí ó wúwo ṣe dín tó sí ti òṣùwọ̀n àgbáyé tí a ń pè ní VPDB, tí a ń kà á ní ìdá nínú ẹgbẹ̀rún, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ ‰. Ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ̀gẹ́ àti iṣu máa ń wà ní agbègbè −27‰. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké máa ń wà ní agbègbè −12‰. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò kí wọ́n tó náwó ni pé láàárín oríṣi àgbàdo kan sí èkejì nínú oko kan náà, ìyàtọ̀ tí a ń wá kì í sábà ju nǹkan bí 1‰ tàbí díẹ̀ lé lórí rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ lè fi 0.1‰ tàbí 0.2‰ ṣì. Ohun tín-ín-rín ni a ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àìbìkítà tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni ó tó o tàbí tí ó jù ú lọ.

Àṣìṣe kìíní ni ti ọ̀rá náà. Ewé tí a já kò tíì kú. Ó ṣì ń mí, ó ń jó ṣúgà ara rẹ̀, èébu sì ń bá a jẹ ẹ́, débi pé ohun tí ó kù nígbà tí ẹ bá gbé e dé kì í ṣe ohun tí igi náà ṣe nínú oko mọ́. Inú àpò ìwé tí a dá ihò sí lára ni kí ẹ kó ewé sí. Kí ó wọ inú ààrò oníná ní ọjọ́ náà gan-an, ní ìwọ̀n ooru 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, títí yóò fi máa dún pàpà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ẹ má fi ewé sílẹ̀ nínú ààrò tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn lórí aṣọ mímọ́ títí iná yóò fi dé.

Èkejì, ẹ má ṣe fi bírò tàbí máákà kọ ohunkóhun sára ewé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe rẹ ewé sínú ọtí tàbí fọ́máàlíìnì kí ó má baà bàjẹ́, nítorí pé àwọn náà ní kábọ́ọ̀nù tiwọn.

Ẹ̀kẹrin ni jíjá ewé tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà. Ewé àkọ́kọ́ tí àgbàdo yọ, inú kóró ni ó ti rí púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù tí ó fi kọ́ ara rẹ̀. Ìtàn igi ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ. Ewé ìsàlẹ̀ ti gbé inú òjìji àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ewé òkè kò tíì dàgbà tán. Bí ẹ bá já ewé karùn-ún lára oríṣi kan, tí ẹ sì já ewé kejìlá lára èkejì, ọjọ́ orí ewé ni ẹ wọ̀n, kì í ṣe oríṣi àgbàdo. Èyí tí èmi máa ń lò ni ewé tí ọmọ àgbàdo yọ ní ìdí rẹ̀, ní àkókò tí irùngbọ̀n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àárín ewé náà ni mo máa ń gé, mo máa ń yọ ọ̀pá àárín rẹ̀ kúrò, mo sì máa ń kó ti igi márùn-ún, ó kéré tán, pọ̀ láti inú ebè kan náà. Oríṣi tí ó tètè ń gbó àti èyí tí ó ń pẹ́ kò ní yọ irùngbọ̀n ní ọjọ́ kan náà. Ẹ padà lọ sí oko lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó ọkọ̀ yẹn kò tó owó tí ẹ ó pàdánù.

Ẹ̀karùn-ún ni ti lílọ̀, èmi fúnra mi ni mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ìlọ̀ tí a ń lò bàjẹ́, ọjọ́ tí a ó fi ewé ránṣẹ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ru àpò ìwé ogójì lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń lọ elúbọ nínú ọjà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi omi ṣan inú ẹ̀rọ náà fún mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, bí omi bá kan inú ẹ̀rọ yìí, elúbọ àwọn ènìyàn yóò di ìṣù. Ṣé ìwọ ni yóò san án?" Ó fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá inú rẹ̀ fún mi, ó sì da ewé àkọ́kọ́ sí i. Ìyẹ̀fun tí ó kọ́kọ́ jáde kò dúdú mìnìjọ̀ bí ó ti yẹ kí ewé rí. Ó funfun díẹ̀ ní etí abọ́. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé kò tó nǹkan, mo sì dì í.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ewé àgbàdo bá jẹ́ −12‰, tí elúbọ iṣu sì jẹ́ −27‰, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 15‰. Bí 5 nínú 100 kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ìyẹ̀fun yẹn bá jẹ́ ti elúbọ, èsì yóò fi 0.75‰ sún, yóò di −12.75‰. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìyàtọ̀ tí a jáde wá wá láàárín àwọn oríṣi. Èyí tí ó wá burú jù ni pé elúbọ inú ẹ̀rọ ń dín kù bí a ti ń lọ ewé sí i. Nígbà tí èsì dé, oríṣi tí mo kọ́kọ́ lọ̀ ni èsì rẹ̀ jìn sí ìsàlẹ̀ òdo jù, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ń súnmọ́ òkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí dé orí èyí tí mo lọ̀ kẹ́yìn. Ó wuyì lójú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé lórí rẹ̀ kí ń tó rántí pé bí mo ṣe to àpò wọn lé orí ara wọn ní ọjọ́ ọjà náà ni èsì ṣe tò. Owó ọdún kan lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ewé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ, bí ó ti wù kí ó yá tó. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, odó kékeré àti sùúrù tó. Ẹ nu ún gbẹ láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ kọ́kọ́ lọ díẹ̀ lára ewé tí ó kàn, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó lọ èyí tí ẹ ó lò. Ìwọ̀n tí yóò wọ inú ife kékeré tí a fi tíìnì ṣe kò ju mílígíráàmù 2 tàbí 3 lọ, nítorí náà kí ìyẹ̀fun náà kúnná bí àtíkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìmú kan kò ní jọ ìmú kejì.

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sílẹ̀ báyìí, nítorí pé ohun tí ó kàn yìí ni ó ń dùn mí jù, ó sì ń dùn mí nítorí pé ewé mímọ́, ẹ̀rọ mímọ́ àti èsì tí kò ní àbàwọ́n kò lè gba ẹni tí ó bá ṣe é lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kíka èsì àgbàdo bí ẹni ń ka èsì ẹ̀wà.

Orí àlìkámà àti ẹ̀pà ni a ti kọ́kọ́ rí i pé δ13C lè tọ́ka sí igi tí ó ń ṣọ́ omi ná. Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà fi èyí hàn lára àlìkámà, òun náà ni wọ́n sì fi yan àlìkámà tí wọ́n ń pè ní Drysdale, tí ó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2002. Òfin ibẹ̀ rọrùn: bí ihò ìmí ewé bá pa ara rẹ̀ dé nítorí ọ̀dá, afẹ́fẹ́ CO2 inú ewé yóò dín kù, ewé kò ní rí àyè ṣa èyí tí ó fúyẹ́ mọ́, èsì δ13C yóò sì fà sókè. Nítorí náà, igi tí èsì rẹ̀ bá súnmọ́ òkè ni igi tí ó ń fi omi kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá. Òótọ́ ni fún ẹ̀wà. Òótọ́ ni fún ìrẹsì. Àwọn ọmọ wa a wá gbé e bí ó ṣe wà, wọ́n a gbé e lé orí àgbàdo.

Àgbàdo kò gba CO2 bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ewé rẹ̀, énsáìmù kan (èròjà tí ń mú kí iṣẹ́ inú ewé yá) tí a ń pè ní PEP carboxylase ni ó kọ́kọ́ ń mú un, yóò sì tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó yí iṣan ewé ká, níbi tí Rubisco, énsáìmù tí ó máa ń ṣa kábọ́ọ̀nù púpọ̀, wà ní àhámọ́. Ẹni tí a gbé agbọ̀n ọsàn kan fún, tí a sì ní kí ó jẹ ẹ́ tán, kò ní àyè láti ṣa èyí tí ó wù ú. Bí a bá gbà kí ó dá díẹ̀ padà ni ṣíṣà rẹ̀ yóò hàn. Bẹ́ẹ̀ ni Rubisco inú àgbàdo rí. Ìwọ̀n CO2 tí ó bá jò padà jáde kúrò nínú àhámọ́ yẹn ni ó ń pinnu bí ó ṣe lè ṣà tó. Nítorí náà, nǹkan méjì ni ó wà nínú èsì ewé àgbàdo kan ṣoṣo: bí ihò ìmí ṣe ṣí tó, àti bí àhámọ́ náà ṣe ń jò tó.

Ẹ fi ojú nọ́ńbà wò ó. Nínú àlàyé tí gbogbo wa ń lò láti ọdún 1983, bí CO2 inú ewé ẹ̀wà bá dín kù láti 0.7 sí 0.6 ti afẹ́fẹ́ ìta, ìṣà ewé náà, èyí ni bí ó ṣe ń ṣa kábọ́ọ̀nù tí ó fúyẹ́ tó, yóò fi nǹkan bí 2.3‰ dín kù. Nínú àgbàdo tí àhámọ́ rẹ̀ ń jò ní ìwọ̀n 0.25, bí CO2 inú ewé bá dín kù láti 0.4 sí 0.3, ìṣà rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 0.26‰ pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ó kéré ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, ọ̀nà òdì kejì ni ó sì gbà. Bí jíjò bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ihò ìmí ìbáà ṣí, ìbáà pa dé, èsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá. Ní ọwọ́ kejì, bí jíjò bá lọ láti 0.25 sí 0.30 péré, tí CO2 inú ewé dúró sí 0.4, ìṣà yóò fi 0.6‰ pọ̀ sí i, láìjẹ́ pé igi náà mu omi tí ó pọ̀ tàbí tí ó dín. Báwo ni ẹni tí kò mọ èyí yóò ṣe wo èsì, tí yóò sì nawọ́ sí oríṣi kan pé òun ni ó lè fara da ọ̀dá?

Síbẹ̀ wọ́n ń nawọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bá lọ ewé rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn yan oríṣi mẹ́ta tí èsì wọn súnmọ́ òkè jù, ó gbé irúgbìn wọn fún àwọn àgbẹ̀ ní apá Ìbòkun, lẹ́yìn Iléṣà, ó sì ní kí wọ́n fi wọ́n gbin àgbàdo ìgbà kejì, èyí tí a ń gbìn lẹ́yìn ìdáwọ́dúró òjò oṣù Kẹjọ. Òjò tètè lọ ní ọdún náà. Bàbá kan pè mí lórí fóònù láti inú oko rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo tí ọmọ yín gbé wá yìí, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ó ti ń ká ewé jọ. Tèmi tí mo fi irúgbìn ìdílé gbìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì la ewé rẹ̀ sílẹ̀." Mi ò rí ohun tí mo lè sọ ju pé kí ó forí jì wá. Mo mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe ka èsì rẹ̀, mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń kà á, n kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà kò wúlò. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé ìyàtọ̀ δ13C láàárín àgbàdo ń ti inú àbùdá wá, pé ó ṣeé jogún, àti pé ibi tí ó ti ń wá nínú àbùdá náà ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a ṣe é dáadáa. Bí omi bá ni ẹ ń wá, ẹ wọn omi. Ẹ gbin díẹ̀ lára oríṣi kọ̀ọ̀kan sínú ike, kí ẹ bo ojú ilẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà ti ibẹ̀ fẹ́ lọ, kí ẹ máa gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ mọ iye omi tí ó mu àti iye ara gbígbẹ tí ó fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wò ó bóyá δ13C bá a rìn nínú àwọn oríṣi tiyín, kí ẹ sì mọ apá ibi tí ó ń rìn sí.

Àwọn tí ó lo ike, ẹ ṣọ́ra fún jẹnẹrétọ̀. Mo ti rí ilé onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ti ń tú èéfín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ ìta gbangba wà ní agbègbè −8.5‰ ní àkókò wa yìí, CO2 inú èéfín dísù sì wà ní agbègbè −29‰. Bí CO2 tí ó tó 20 nínú mílíọ̀nù kan bá ti inú èéfín dà mọ́ 420 tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tí ewé ń mí yóò di nǹkan bí −9.4‰, ewé yóò sì bá a sọ̀kalẹ̀ lọ. Igi tí ó wà ní iwájú ògiri yóò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà, kódà bí inú kóró kan náà bá ni wọ́n ti wá.

Nínú oko, òjìji ni ọ̀tá. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó máa ń mú kí jíjò pọ̀ sí i, èsì δ13C a sì jìn sí ìsàlẹ̀ òdo sí i. Oko kan wà tí mo bá wọn wò ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tí ìrókò ńlá kan dúró ní ìlà oòrùn rẹ̀. Wọ́n gbin oríṣi kọ̀ọ̀kan sí ebè gígùn kan ṣoṣo, èyí tí ó wà lábẹ́ ìrókò ni ó sì "yàtọ̀" jù nínú èsì. Ẹ pín oko sí ìsọ̀rí, kí gbogbo oríṣi wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣẹ́ gègé fún ipò wọn, kí ẹ sì fi oríṣi kan tí ẹ mọ̀ dáadáa sí inú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ajílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí pé àìtó náítírójìn lè yí jíjò padà. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé oríṣi tí ẹ gbìn ní oṣù Kẹta sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ gbìn ní oṣù Kẹsàn-án kí ẹ sì máa fi wọ́n wé ara wọn.

Èsì kóró kì í ṣe èsì ewé. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ nínú àtẹ kan.

Lórí ìṣirò, −11‰ ni ó ga ju −12‰ lọ. Ó ń yà mí lẹ́nu iye ènìyàn tí ó ń kọ ọ́ sódì. Ẹ má sì ṣe da δ tí ẹ̀rọ wọ̀n pọ̀ mọ́ Δ tí ó jẹ́ ìṣà ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ −8.5‰, tí ewé sì jẹ́ −12.5‰, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ku 4.0, ẹ pín in sí 0.9875, Δ yóò jẹ́ nǹkan bí 4.05‰. Bí δ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni Δ ń gòkè. Ẹni tí ó bá kọ àkọlé ọ̀kan sí orí èkejì ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ po.

Ó ku ti fífi ewé ránṣẹ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìfewéránṣẹ́ kí ẹ tó di ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹrù bá ti há sí pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má ṣe to ewé sínú àwo oníhò 96 tí a fi ń kó wọn ránṣẹ́ ní oríṣi tẹ̀lé oríṣi. Ẹ dà wọ́n rú, kí ẹ kọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ lè máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìyẹ̀fun kan náà tí ẹ ti mọ èsì rẹ̀ sí ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, láìsọ fún àwọn tí yóò wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti yàtọ̀ láti àwo kan sí èkejì, ẹ óò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe àgbàdo.

Tèmi wà nínú ìgò kan ní orí pẹpẹ. Ebè kan ṣoṣo ni mo gbin sí i ní ọdún kẹta iṣẹ́ mi, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ elúbọ yẹn, mo sì fi odó gún gbogbo ewé rẹ̀ pọ̀ títí ó fi kúnná. Ó ti wà nínú gbogbo àwo tí ó jáde láti ọwọ́ mi láti ìgbà náà, ó sì ti kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò. Ní kété tí òjò bá dúró dáadáa ní ọdún tí ń bọ̀, n óò gbin òmíràn.